Nígbà Tí Ìyá Mi Wáṣẹ́ sí Ilé-Iṣẹ́ Wa

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Kigali, mo kúnlẹ̀ kí ìyá tó ni ilé tí mo gbà, ìyá náà sì ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sáré gbá mi lápá mú. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. "Urarwaye?" ni wọ́n ń bi mí léraléra, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ṣé ara mi ò yá ni. Mo fẹ́ dìde, wọn ò jẹ́ kí n dìde. Wọ́n ké sí ọmọ wọn obìnrin, Gisèle, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó tètè máa bọ̀. Bí mo ṣe jókòó sórí àtẹ̀gùn nìyẹn, tí nọ́ọ̀sì ń wo ojú mi, tí mo ń mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí, tí mo sì ń ṣàlàyé pé ìkíni ni mo ń kí wọn. Mo ní ní Inísà tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ tó bá dúró gbagidi kí ìyá, wọ́n á ní kò gba ẹ̀kọ́ nílé. Gisèle túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà wò mí títí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Màmá Gisèle.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló yà mí lẹ́nu ní ìlú náà. Òkè ló pọ̀ níbẹ̀; bí o bá fẹ́ ra iyọ̀ lásán, wàá gùn, wàá sọ̀, wàá tún gùn. Ọlọ́kadà kì í gbé ọ láìjẹ́ pé o dé akoto, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e lé ọ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń rọra sọ̀rọ̀. Mo lè wà nínú bọ́ọ̀sì tó kún dẹ́nu kó jẹ́ ìró ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́, èmi tí mo ti agbègbè Ìkìrun wá, níbi tí ẹni méjì ti lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ àṣírí! Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ra àgbàdo sísun, mo ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, mo sì rí i pé gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ká mi mọ́ ilé ìwẹ̀. Gisèle ló wá sọ fún mi pé àgbàlagbà kì í jẹun lójú títì lọ́dọ̀ àwọn.

Ata ńkọ́? Inú ìgò kékeré bí ìgò oògùn ojú ni wọ́n ń tà á sí. Òróró ni, wọ́n á kán ẹ̀kán kan tàbí méjì sórí oúnjẹ. Mo fi ṣẹ̀sín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì dà á sórí ìrẹsì bí ẹni ń da epo. Omijé ló gba ẹnu mi sọ èyí tó kù.

Màmá mi ni mo máa ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún lórí fóònù. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ewé pákí ni wọ́n fi sebẹ̀ fún mi, wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Ewé pákí? Èyí tí ewúrẹ́ Alhaja ń jẹ?"

"Òun ni, mà. Wọ́n ń gún un ni, wọ́n á wá fi ẹ̀pà sí i. Ó dùn."

"Ó dùn." Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni ń tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n kọjú sí ẹnìkan. "Alhaja, ẹ má na ewúrẹ́ yín mọ́ o. Wọ́n ní ó gbọ́n jù wá lọ."

Aládùúgbò wa ni Alhaja. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti ń bá màmá mi ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń pọnmọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alhaja á gba mọ́sálásí lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, màmá mi á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní ọjọ́ yòókù, ẹ̀gbẹ́ fírísà tí màmá mi fi ń ta ẹja lẹ ó ti bá àwọn méjèèjì. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, nítorí náà mi ò lè sọ bí ọkàn mi ì bá ṣe balẹ̀ tí kò bá sí Alhaja.

Iṣẹ́ tó gbé mi dé ọ̀hún rọrùn láti ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ wa máa ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké, kí aránṣọ lè gbé àwòrán aṣọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó ń ta bàtà ní ìsọ̀ tí oníbàárà lè wọ̀ láti ìlú mìíràn. Àwọn oníbàárà wa wà ní Gánà, ní Kẹ́ńyà, ní Nàìjíríà. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù nígbà tí nǹkan bá dàrú fún wọn. Páásíwọ̀ọ̀dù lè sọnù, àwòrán lè kọ̀ kó má gòkè, ìsọ̀ lè ṣófo lójijì. Màá de hẹ́díséètì mọ́rí láàárọ̀, ìpè á máa tẹ̀ lé ìpè, Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì ni òfin gbà wá láyè láti sọ.

Bí mo bá ní mo dá wà, ẹni tó gbọ́ lè ní irọ́ ni mò ń pa, torí mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ mí. Tí mo bá tú hẹ́díséètì sílẹ̀, ilẹ̀ á pa rọ́rọ́. Orúkọ mi gan-an di nǹkan mìíràn lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ohùn ti sọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e gòkè, mo sì máa ń dáhùn bí ẹni tó yá orúkọ lò. Ìgbà míì tí màmá mi bá pè, mi ò ní ohun kan pàtó tí mo fẹ́ sọ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pè mí lórúkọ ni.

Wọ́n á ní, "Ṣé o wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, mà."

"O ò sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀, mà."

Wọ́n á sì sọ̀rọ̀. Ẹja tó dé, ẹja tí kò dé, iná tí wọ́n mú lọ, akọrin tó ṣi orin yí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ sì ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ohùn màmá mi. Kí fóònù alágbèéká tó dé ìlú wa, àwọn ló ń so ìpè pọ̀ ní ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Ìkìrun. Ọmọ Òkúkù ni wọ́n, Inísà ni wọ́n ti rí ọkọ, ṣùgbọ́n Ìkìrun ló mọ̀ wọ́n jù. Nígbà náà, tí o bá fẹ́ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní Èkó tàbí Kánò, màmá mi lo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba nọ́ńbà, wọ́n á ki okùn bọ ihò, wọ́n á dúró títí ẹnìkan á fi dáhùn lọ́hùn-ún, wọ́n á wá ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀, sà." Sìsí Tẹlifóònù ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ á ti Èkó-Ẹ̀ndé àti Ìbà wá láti pe ọmọ wọn lókè Ọya, àwọn míì ò tíì fọwọ́ kan fóònù rí, màmá mi á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbé e sétí. Bí ọmọ bá dáyé ní Kánò, bí ẹnìkan bá kú ní Jọ́ọ̀sì, etí wọn ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́, wọn kì í sì í gbé e délé.

Nígbà tí fóònù alágbèéká wá dé, wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa. Kò sí ẹni tó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá mi kàn dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo ń lọ sílé-ìwé, mo rántí pé wọ́n padà wálé lọ́sàn-án, wọ́n gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n sì jókòó tì í láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ẹ̀wà náà fi jóná. Ìgbà tó yá ni wọ́n ra fírísà. Láti ìgbà náà, ohùn tí mo mọ̀ mọ́ wọn ni ohùn ẹni tó ń tajà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rú òfin. Ìyá kan pè láti Ìsẹ́yìn. Aṣọ òfì ni wọ́n ń tà, ìsọ̀ wọn ti ṣófo, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì tó láti ròyìn rẹ̀. Bí mo ṣe ń béèrè ni wọ́n túbọ̀ ń dàrú, mo sì gbọ́ ọ lóhùn wọn pé ẹkún ti dé ọ̀fun. Mo wò yíká, mo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ń gbọ́."

"Yé! Ọmọ wa ni?"

"Ọmọ yín ni, mà."

"Olúwa ṣeun o! Ọmọ, ìsọ̀ mi ti jóná lórí ayélujára!"

Mo ní kò jóná, mo ní wọ́n kàn ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú ni, kí wọ́n jẹ́ ká jọ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí aṣọ wọn fi yọ padà.

Lọ́jọ́ kejì, Vestine ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Kigali ni Vestine, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka wa, ó sì máa ń gbọ́ àwọn ìpè tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún màmá mi tí wọ́n bá lé mi. Ó ní kí n jókòó, ó jẹ́ kí ìpè náà dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí lo sọ fún ìyá yìí tó fi rẹ́rìn-ín báyìí?" ó bi mí.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un gbọ́.

"Ìyá yìí ti pè wá tẹ́lẹ̀," ó ní, "lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kò sì sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Ó tún wá fi kún un bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà pé, "O ṣeun."

Oṣù mélòó kan kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ wa, mo rí ìròyìn tuntun níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ tuntun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ yóò lè fi ohùn ẹnu rẹ̀ ṣí ìsọ̀ lórí ayélujára, yóò sì lè pe fóònù ìrànlọ́wọ́ ní èdè rẹ̀, Yorùbá, Haúsá, Twi tàbí Kìsìwàhílì. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀, wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa gbé fóònù láti ìlú tiwọn. Mo kà á, mo tún un kà. Mo fẹ́ pariwo, mo rántí ibi tí mo wà, mo bo ẹnu. Ọkùnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lórí Wásáàpù. Kí ọjọ́ tó rọ̀, fóònù mi ti fẹ́ gbiná. Àwọn tí a jọ jáde nílé-ìwé ní Ìkìrun pè, pásítọ̀ wa pè nítorí ọmọ ìjọ kan. Àbúrò màmá mi ọkùnrin pè láti Òkúkù, wọ́n ní ṣé wọn ò wá ẹ̀ṣọ́.

"Bùrọ̀dá, iṣẹ́ fóònù ni. Orí ayélujára ni ilé-iṣẹ́ náà wà."

"Wọn ò ha ní ilẹ̀kùn níbẹ̀ ni?"

Màmá mi ló pè kẹ́yìn. Wọ́n ní Alhaja ti ka ìròyìn náà sí àwọn létí. Wọ́n béèrè ohun tí ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀.

"Kó gbọ́ Yorùbá dáadáa, mà. Kó ní sùúrù. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tínú ń bí sọ̀rọ̀. Kó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀."

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já.

"Èmi ńkọ́?" ni wọ́n sọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò pẹ́. "Ó dáa," ni wọ́n ní. "Jẹ́ n lọ wo fírísà." Wọ́n pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Bí mo bá pè, wọ́n á ní àwọn wà lọ́jà, àwọn wà lọ́nà, àwọn á pè padà. Mo béèrè lọ́wọ́ Alhaja, wọ́n ní àlàáfíà ni, alihamudulilai, kí n máa gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Mo jókòó ti Màmá Gisèle ní ìdáná, mo ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, mo gbìyànjú láti fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo ti gbọ́ ṣàlàyé pé mo ti dun màmá mi. Wọ́n bi mí bóyá mo ti tọrọ àforíjì. Mo ní mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Iṣẹ́ fóònù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ màmá mi lójú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ kí ó tì í mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kejì, kó sì jẹ́ pé èmi ni mo wà nínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe ni pé kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún oníbàárà tí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ sọnù. Vestine ní kí n máa gbọ́ ti Yorùbá, kí n sọ èyí tó já gaara. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Àwọn kan ń ka ìwé bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka àkọ́sórí. Àwọn kan ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo ṣí èyí tó kàn, ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ sì ni:

"Ó ti ń gbà á! Iná pupa ti tàn! Ẹ sọ̀rọ̀!"

"Alhaja, ẹ dákẹ́ ná."

Lẹ́yìn èyí, àga dún, bí ẹni tó ń tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ohùn mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn ẹni tó ń ta ẹja. Ó lọ sílẹ̀, ó já gaara, ó sinmi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sórí èkejì. Wọ́n ní kí oníbàárà fara balẹ̀, wọ́n ní ohun tó sọnù yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sunkún lé lórí, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò lórí ìlà títí wọ́n á fi rí i. Mo padà di ọmọdé, mo wà lórí àpótí ní ọ́fíìsì Ìkìrun lẹ́yìn ilé-ìwé, mo ń wo ẹ̀yìn ìyá mi níwájú àwọn okùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn. Mo rò pé wọ́n ti tì í mọ́ inú ọ́fíìsì náà ni.

Mo bọ́ hẹ́díséètì, mo lọ bá Vestine.

"Mi ò lè ṣèdájọ́ èyí."

"Ṣé kò dára ni?"

"Màmá mi ni."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ́ wọn lóhun tí wọ́n sọ, mo ní mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n kọ̀wé. Ó ní ó dáa, kí n má fọwọ́ kan ti Yorùbá mọ́ rárá. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Múyìíwá, ẹlẹgbẹ́ wa kan tó ń ti Ìbàdàn ṣiṣẹ́, kò sì sọ ohunkóhun fún un nípa màmá mi.

Àsìkò tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù láti máa rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi ò balẹ̀ nígbà náà. Mo mọ̀, màmá mi ò mọ̀ pé mo mọ̀. Èmi ò lè béèrè nítorí iṣẹ́, àwọn ò fẹ́ sọ nítorí ẹ̀rín mi. Màá pè wọ́n lọ́sàn-án, màá máa gbọ́ tí ìka ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó.

"Níbo lẹ wà, mà?"

"Ọjà ni."

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Ẹja ni. Wọ́n ń gé ẹja."

Màá ní ẹ kú iṣẹ́, mà. Wọ́n á ní ọpẹ́ ni. Màá pa fóònù, màá sì rẹ́rìn-ín títí Gisèle á fi bi mí pé kí ló dé.

Múyìíwá ti fọwọ́ sí ohùn wọn láìjanpata. Kọ̀ǹpútà ló kù. Ẹni tó ń gbé fóònù gbọ́dọ̀ lè máa tẹ ohun tí oníbàárà ń sọ bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, màmá mi kò sì yege nígbà àkọ́kọ́. Vestine ló sọ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó ní òun sọ fún wọn pé òun máa ń fún gbogbo ẹni tó bá kùnà láyè láti tún gbìyànjú, ó sì rò pé wọn ò ní padà wá. Ó ní màmá mi dá òun lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tí òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́: "Madam, kindly hold the line for me. I am coming back." Wọ́n ń wọ ọkọ̀ láti Inísà lọ sí kafé kan ní Ìkìrun láti kọ́ títẹ̀, Alhaja sì ń bá wọn dúró ti fírísà. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n yege. Wọn ò yára bí àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tẹ̀ kì í ní àṣìṣe.

Ọjọ́ tí èsì jáde, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rí orúkọ wọn lójú fóònù mi, mo sáré jáde sí ẹ̀yìn ilé.

"Ṣé o jókòó?" ni wọ́n bi mí.

"Mo dúró, mà."

"Wọ́n gbà mí."

Mo ń gbọ́ tí Alhaja ń kígbe "Allahu akbar" lẹ́yìn wọn.

"Ẹ dárí jì mí pé mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, mà."

"O rẹ́rìn-ín lóòótọ́," ni wọ́n ní. "Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni mò ń wá? Ṣùgbọ́n mo ro ó, mo ní gbogbo ọjọ́ tí ọmọ yìí ń sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń pè é, wọ́n ń dààmú, òun ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, mo mọ iṣẹ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, mà."

Mo padà wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lọ́nà jẹ́jẹ́ tiwọn. Nígbà tí mo délé, Màmá Gisèle ti gbọ́, wọ́n ti gbé wàrà dídì sílẹ̀ dè mí, torí wàrà ni wọ́n fi ń báni yọ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Wọn ò sáré gbá mi mú mọ́. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ẹni mẹ́ta ni wọ́n gbà ní agbègbè wa, ẹnìkan láti Ìbà, ẹnìkan láti Òkúkù, àti màmá mi. Ilé-iṣẹ́ gba yàrá kan fún wọn lókè ilé ìtàwé kan ní Ìkìrun, níbi tí iná oòrùn ti wà. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ìgbà wo ni màá padà sílé pátápátá, màá ní ó ṣì dìgbà díẹ̀. Mo ti mọ ọ̀nà Kigali, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, mo sì ti ń fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ò jìnnà sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá de hẹ́díséètì láàárọ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan ń de tirẹ̀ ní Ìkìrun.

Nígbà tí mo gba ìsinmi, mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mi ò kọjá sí Inísà. Ìkìrun ni mo sọ̀ sí, mo gbé báàgì gun òkè ilé ìtàwé náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Màmá mi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n de hẹ́díséètì lé orí gèlè. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Ẹnu wọn là, omi kún ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n dúró ná.

"Rárá, bàbá, mi ò lọ o," ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lórí ìlà. "Mo wà ńbí. Ẹ rọra tẹ ibi tí wọ́n ya àpò kékeré sí. Ó ti yọ? Ẹ ṣé é. Ẹ ò rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú àti mọ́tò láti àná, ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí bàbá náà tètè parí. Mo tẹ́tí sí ìyá mi.

Nígbà tó ṣe, ìpè náà parí. Wọ́n yíjú sí mi, wọn ò tíì dìde.

"Ẹ kú ìjókòó o, màdáámú," ni wọ́n ní. "Ta lẹ ń wá?"

"Ìyá mi ni mò ń wá."

Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, mo sì ti dórí orúnkún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n pè mí lórúkọ, wọ́n kì mí, wọ́n ní mo rù, wọ́n ní mo sanra. Ibi tí a wà nìyẹn tí fóònù tún fi dún. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wò mí.

"Ẹ gbé e, mà," ni mo ní.

Wọ́n fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan dì mí mú, wọ́n sì fi èkejì gbé ìpè náà.